Ẹyẹ Orí Òkè Ìkùukùu àti Àdúrà Ìyá Mi

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ẹ fi òwe yẹn sọ́kàn kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí àlá tí mo lá ní ìdájí òní ṣì ń bí mi nínú.

Mo pọn ìyá mi, mo ń gun òkè kan tí ìkùukùu bo igbó orí rẹ̀ bí òwú. Ojú ìyá mi ti ń fọ́, dókítà ní kò ní pẹ́ fọ́ tán. Ohun kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ rí kí ojú òun tó fọ́ tán ni ẹyẹ kan tó ń gbé ibẹ̀. Kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, a sì máa dúró lójú òfúrufú mu omi òdòdó. Kì í yọjú sí gbogbo ènìyàn.

A bá ọ́fíìsì kan tó léfòó sórí ìkùukùu. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ̀yẹ, bi wá bóyá a ti kí òkè. Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí ẹ̀yìn mi níbẹ̀. Ó kí òkè kú ìdúró, ó kí ìkùukùu kú ìrìn, ó kí àga ọ́fíìsì kú ìfaradà. Àga náà dáhùn, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹ la wá wò. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ̀yẹ ní òun á lu òǹtẹ̀ ìyọ̀ǹda fún wa, àfi bó ṣe di òbúkọ tó jẹ òǹtẹ̀ náà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé ìyá mi tún dúró kí i pé á gba ibi ire.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sínú ilé ìdáná wa. Ìkòkò ọbẹ̀ ti yọ òdòdó. Ìkòkò náà ní ká rọra, ẹyẹ ń bọ̀.

Ó dé lóòótọ́. Ẹlẹ́nu bí abẹ́rẹ́, akéré-má-rọra, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń fò, ó dúró síwájú imú ìyá mi, apá rẹ̀ ń kùn.

Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó.”

“Àjàgbé, a kì í rí oore ká má dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká dijú.”

Ó dijú. Òbúkọ dijú. Ìkòkò gbé ọmọrí dé ara rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ láti orí Ádámù, ó ń dúpẹ́ lórí ẹyẹ tí kò tíì rí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó lajú, ó ní àdúrà là ń gbà.

Ẹyẹ náà dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti fẹ́ ṣe àmín?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ bá mi kí wọn.” Ó lọ.

Àmín ló jí mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Inú àdúrà òwúrọ̀ ni mo ti sùn lọ. Kòkòrò kan ń kùn lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ìyá mi yí ojú rẹ̀ síbẹ̀.

“Àjàgbé, bá mi ká kọ́tìnnì yẹn, kí n rí ohun tó ń kùn yẹn.”