Fìlà Lára Ilẹ̀kùn Palkit

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2011, Palkit kú. Ìyàwó èmi àti Thukten ẹ̀gbọ́n mi ni. Ogójì ọdún ló lò nílé wa.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama nígbà tí a gbé e wọlé. Ilẹ̀ bàbá wa kò tó pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í pín ilẹ̀ ní abúlé wa ní Kinnaur, lórí àwọn òkè Íńdíà, nígbà náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò a fẹ́ obìnrin kan, oko a sì wà lódidi. Ẹni tó bá wọ yàrá tọ̀ ọ́ á fi fìlà rẹ̀ kọ́ ara ilẹ̀kùn. Èkejì tó bá rí fìlà á yí padà. Kò ní kanlẹ̀kùn, kò ní pe orúkọ.

Thukten ló ń da àgùntàn. Bí yìnyín bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Báyìí ni ìgbà òtútù ṣe di tèmi. Zomkit, ọmọbìnrin wa, Thukten ló ń pè ní bàbá. Bàbá kékeré ló ń pe èmi, bẹ́ẹ̀ imú mi ló wà lójú ọmọ náà. Mo gbé ìyẹn mì, torí mo ní ìgbà òtútù.

Lọ́dún tí Palkit kú yẹn, Thukten ta àgùntàn.

"Rigzin, orúnkún mi ti kọ̀," ló wí. "Ilé ni mo wà lọ́dún yìí."

Palkit bú sẹ́rìn-ín. "Ilé kún! Arúgbó ọkọ méjì nídìí ààrò kan. Ta ni yóò máa ṣẹ́gi nínú yín?"

"Àbúrò mi ni. Ó ṣì lókun. Èmi, wọ́n ní kí n jókòó, kí wọ́n máa fi òróró ra mí lẹ́sẹ̀."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹsẹ̀ náà ni."

Palkit sì ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ẹ̀yìn ilé ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bí mo bá wọlé, ẹ̀rín á dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti tán lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Palkit kò rẹ́rìn-ín báyẹn rí sí ohun tí mo sọ.

Fìlà méjì ni mo ní. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí Palkit bá ti lọ dùbúlẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn, mo ń fi ọ̀kan kọ́ ara ilẹ̀kùn náà, mo ń dé èkejì, mo ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ gé ẹ̀ka igi ápù lóko.

Ní ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ èyí, Thukten fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbúrò, ara rẹ mà le o! Lọ́sàn-án gangan? Ṣé o fẹ́ pa obìnrin náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi pé ó ń dùn ún.

Ní ọjọ́ kẹta, Palkit ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Mo fi fìlà kọ́. Mo lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, eruku igi wà lára mi. Thukten jókòó nídìí ààrò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Oko."

"Fìlà ta ló wà lára ilẹ̀kùn?"

Ó sáré, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó ṣílẹ̀kùn. Ara Palkit ti tutù.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ṣe ètùtù ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà lọ, ó lanu.

"Palkit ní lọ́jọ́ náà, 'Ẹ wá o.' Ẹ̀ẹ̀mejì ló wí i. Mo dìde pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo rí fìlà rẹ. Mo ní ohun tó ń bá ọ sọ kò kàn mí. Mo padà wá mu tíì mi."

Ó di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ Zomkit. Mo ní kó mú èyí tó wù ú nínú ẹrù ìyàwó wa.

"Pa á mọ́," ló wí. "Tìrẹ nìkan ni báyìí."

Ohun tó wà nínú yàrá nìyí: aṣọ òtútù mẹ́ta, ọ̀kan ti ya létí, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, ìbọ̀sẹ̀ tó hun dé ìdajì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àsálà nínú agbọ̀n, dígí kékeré, irun funfun díẹ̀ nínú òòyà.