Òkìtì Àwẹ̀ró

Ní Ọ̀kà wa, kí òyìnbó tó dé, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn kì í jẹ́ iṣẹ́ ìlú. Wọn ì báà máa yẹ ọ̀nà odò, wọn ì báà máa mọ ògiri, a kì í pè é. Àwọn aládùúgbò ni í ṣe ìpín tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í kùn. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ìlú náà ló ń ṣe níbi tó jókòó sí, pé ọwọ́ tí yóò di ọkọ́ mú lọ́la ló ń bọ́.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé. Ṣùgbọ́n mo mọ ọdún tí àṣà náà bàjẹ́, nítorí mo wà lẹ́nu ọmú lọ́dún náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín méjì. Ìyátúndé, ìyá mi, ló ń sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ títí ó fi ń ṣe mí bíi pé ojú mi ló ṣe.

Ọdún kejì ṣáájú lúkúlúkú, àrùn tó pa ènìyàn lọ bíi rẹ́rẹ, ni. Òyìnbó ní kí a la ọ̀nà láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn wá. Àwọn ọkùnrin ń gé igi, wọ́n ń hú kùkùté. Àwọn obìnrin ń fọ́ òkúta. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn obìnrin ni Rájí, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó ti ru ẹrù fún àwọn ṣọ́jà lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó sì kọ́ ẹgba nínà bọ̀ láti ibẹ̀. Ó ní kòbókò kan, ó ní ọ̀pá kan tó fi ọ̀bẹ sàmì sí níbi tó dọ́gba pẹ̀lú orúnkún. Kí oòrùn tó wọ̀, òkìtì òkúta obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé àmì náà.

Ẹ̀taòkò, olórí àdúgbò wa, lọ bá a.

“Ọmọ mi, abiyamọ mẹ́rin ló wà nínú àwọn tí o pè yìí. Fi wọ́n sílẹ̀, àwa ó ṣe ìpín wọn.”

“Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe nílé?”

“Wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú.”

Rájí rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó jókòó tó ń fún ọmọ lọ́mú, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ jẹ́ kó wá jókòó síbí. Ìjókòó náà la fi ń fọ́ òkúta.”

Báyìí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe dé ojú ọ̀nà: ìyá mi, Raliat, aya ilé ìmàle, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, Mọ́júbọ́lá, àti Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ti sin ọmọ méjì. Ẹ̀kẹta yìí, ọmọ oṣù mẹ́rin, ló sọ ní Málọmọ́. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e pẹ́.

Raliat ló dá ọgbọ́n náà. “Ṣé ọkùnrin nìkan ló lè ṣe àáró ni? Kí ẹnì kan máa jókòó lójúmọ́ kan, kó máa fún ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́mú. Kí àwa mẹ́ta fọ́ òkúta tirẹ̀ mọ́ tiwa.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá kàn a kó àwọn ọmọ sẹ́yìn àpáta ńlá kan, àwọn yòókù a máa fọ́. Àwọn ọmọ ń sanra. Wọ́n ní ọrùn tèmi kò hàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí a ti í ṣe àáró nílé wa. Ìpín ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dára jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èébú ni. Nítorí náà, òkìtì ẹni tó jókòó ló ń ga jù lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó rò ó pé Rájí ní ojú.

Lọ́jọ́ kan tó kan Àwẹ̀ró, tí ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, Rájí dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Òkìtì kan ti ré kọjá àmì.

“Ta ló ni èyí?”

“Àwẹ̀ró ni,” ni Mọ́júbọ́lá wí, inú rẹ̀ sì dùn.

“Àwẹ̀ró dà?”

Ọmọ kan ké lẹ́yìn àpáta.

Rájí lọ wò ó, ó padà wá. Kò na ẹnikẹ́ni. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé àmì mìíràn sórí ọ̀pá náà, lókè ti àkọ́kọ́.

“Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ṣe ti mẹ́rin, ó tún ṣẹ́ kù. Láti ọ̀la lọ, ibí ni. Orí mẹ́rin ni mo sì fẹ́ rí. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dé ibí mọ́.”

Nígbà tó lọ tán, Raliat kọjú sí Mọ́júbọ́lá. “Ẹnu rẹ ló pa wá.”

“Àbí ọwọ́ tìrẹ, tó ń to òkúta bí ẹni tó ń to iṣu ìdána!”

Àwọn ọmọ di ẹni tí ìyá àgbà ń rọ ní ẹ̀kọ nílé. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀kọ pá Málọmọ́ lórí níbi tí ìyá ọkọ Àwẹ̀ró gbé e lé itan. Wọ́n ránṣẹ́ sí ojú ọ̀nà. Rájí ní kí òkìtì Àwẹ̀ró kọ́kọ́ dé àmì ná. Ìgbà tí Àwẹ̀ró fi máa délé, wọ́n ti sin ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Rájí ní kí wọ́n lọ pè é, ó sì wá. Ọmú rẹ̀ ti wú, ó le, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú ìró.

“Ó dára tí o wá,” ni Rájí wí. “Ìwọ tí kò ní ọmọ nílé mọ́, ọkàn rẹ yóò pa pọ̀ síṣẹ́.”

Àwẹ̀ró mú òkúta kan, ó gbé e sílẹ̀. “Ìyátúndé, ta ló kàn?”

“Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́.”

“Èmi ló kàn. Ọjọ́ tèmi kò pé tí wọ́n fi tú wa ká.”

Ó gòkè lọ sílé. Nígbà tó padà, ó pọn ọmọ kan, ó gbé méjì mọ́ àyà. Kò lọ sẹ́yìn àpáta. Ẹ̀bá ọ̀nà ló jókòó sí, níṣojú Rájí, ó sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọmú kan bọ ẹnu mi, ó ki èkejì bọ ẹnu ọmọ Raliat.

“Dìde!”

Kò dìde. Kòbókò bọ́ sí i lẹ́yìn. Ìyá mi gbéra láti lọ bá a, Raliat fà á lọ́wọ́.

“Jókòó! Fọ́ òkúta! Bí òkìtì rẹ̀ kò bá ga, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.”

Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń sunkún, Rájí náà ń na Àwẹ̀ró, títí apá fi ro ó. Nírọ̀lẹ́, Rájí na ọ̀pá ti òkìtì Àwẹ̀ró. Ó ti kọjá àmì tuntun.

“Ẹ ò rí i pé ẹ lè ṣe é?” ló wí. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé àmì kẹta.

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró ń jókòó, wọ́n ń fọ́ ọ, títí ọ̀nà fi wọ Ìkàrẹ́. Àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè. Àwẹ̀ró kò bí mọ́.

Mo ti tó bí ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo ń gba ọ̀nà náà lọ sí òkèèrè. Mo pàdé rẹ̀ nítòsí Ìkàrẹ́, ó ru igi ìdáná. Ó ní kí n ya ẹnu, ó wo eyín mi.

“Eyín yìí! Bí kòbókò ṣe dún, o ta gìrì, o bù mí jẹ. Ti Rájí ti jiná, tìrẹ ni kò jiná.” Ó rẹ́rìn-ín. “Òkìtì mi dà? Àáró ni o.”

“Ìyá, bí mo bá dé, n ó wá ro oko yín.”

“Oko mi ń dúró.”

Ẹ̀yìn ọdún mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà dé bá mi lókèèrè pé ó kú. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé igbó ti bo oko rẹ̀ kó tó kú, pé kò sí ẹni tó bá a ro ó.