Ọjọ́ Tí Wọ́n Dán Sípíkà Tuntun Wò

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni ọkùnrin náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Alágogo. Bí ìró aago bá yẹ̀ bín-ín-tín, yóò ti mọ ibi tó ń dùn ún kó tó tú u. Etí ọ̀hún ló fi ń yangàn, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń wá sípíkà tó máa borí èyí tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó rí i rà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayàwòrán gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n so méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń yí súìṣì láti orí èyí sórí ìyẹn.

"Ṣé o gbọ́ bí obìnrin akọrin yẹn ṣe mí kó tó kọrin?" Alágogo bi í. " Ti àtijọ́ ò lè gbé ìyẹn jáde."

Ayàwòrán ní òun gbọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

Alágogo pe ìyàwó rẹ̀. Ìgbà kẹta tó pè é ló tó dáhùn. "Ìyá àwọn ọmọ, jókòó síbí. Èwo ló dùn jù?"

Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì. "Ọgbọọgba ni wọ́n létí mi. Èyí tó wù kí ẹ yí súìṣì sí, ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń kọrin létí mi."

Alágogo yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Má dá a lóhùn jàre. Etí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọbẹ̀ ti hó ni tiẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dìde, ó yí àga padà, ó kẹ̀yìn sí àwọn sípíkà, ó tún jókòó.

"Ó ti yí padà báyìí. Èyí tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń kọrin. Dádì, sípíkà ò ṣe nǹkan kan. Etí mi òsì ni ò gbọ́ràn mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n jẹ́ kí orin parí ná."

Ayàwòrán rọra mú fìlà rẹ̀, ó ní oníbàárà ń dúró de òun. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró.

Oṣù tó kọjá ni Alágogo fẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, pé bí òun bá pè é, ṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ gún ìyàwó náà lára dáadáa.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé o ò gbọ́ ni?"

"Ẹ̀yin tí mo sọ fún ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, nílé ìwòsàn, dókítà béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni Alágogo ń wò fún ìdáhùn. Dókítà ní bí wọ́n bá ti tètè wá ni, bóyá àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ká ní ilẹ̀ lanu, Alágogo ì bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe délé ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Gbé fóònù fún ìyàwó mi," ẹ̀gbọ́n ní. "Ìwọ, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ bá ẹ sọ."

Ó gbé e fún un. "Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, mà," ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ. "Ó ti tán nínú mi." Alágogo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.