Ogún Pósítà fún Bàbá Dáúdà

Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ní Douala kì í dá ẹni tó bá fẹ́ ogún pósítà lóhùn. Wọ́n á ní kó lọ múra ẹgbẹ̀rún wá. Èmi Wàsíù, nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ nítòsí ọjà Marché Central, mo ń tẹ ogún, mo ń tẹ mẹ́wàá, mo ti tẹ ẹyọ kan ṣoṣo rí fún ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ tí mo kọ́, àmọ́ pósítà àti àpòòwé ló ń bọ́ mi. Kí iṣẹ́ má baà wọ́n, mo lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé iṣẹ́ tí kò bá tó àádọ́ta kò ní ewé àyẹ̀wò. Ewé àyẹ̀wò ni èyí tí a máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹni tó ni iṣẹ́ lè kà á, ká tó tẹ ìyókù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ òfin yẹn, mo sì ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ Àtìní kan, Àǹtí Kàbírátù tí wọ́n ń yan ẹja ní Youpwè sáré wọlé, àwọn àti Tèmi ọmọ wọn. Òórùn èéfín ṣì wà lára aṣọ wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn, Bàbá Dáúdà, ti jáde nílé láti àárọ̀ àná, àwọn ò sì rí wọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó wà lọ́jà yìí tí kò mọ Bàbá Dáúdà. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta aṣọ níbẹ̀. Àmọ́ iyè bàbá ti ra láti bí ọdún méjì, Faransé tí wọ́n fi ń nájà sì ti bá iyè lọ. Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Àǹtí Kàbírátù ní dókítà ti kìlọ̀ pé bí bàbá bá fi lè pa abẹ́rẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ikú ló máa já sí. Ọjọ́ kan ti lọ.

Tèmi jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó wò mí lójú, ó ní, “Tonton,” bí wọ́n ṣe ń pe bọ̀rọ̀dá ní Faransé, “o máa tètè ṣe é?”

Inú bí mi. Mo bi í bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí tó fi ń pè mí ní “o”. Ìyá rẹ̀ ní kí n má bínú, ọmọ àjò ni. Nígbà tó kan nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, Tèmi na ọwọ́ pé kí n fún òun ní báírò kí òun kọ ọ́. Mo fa báírò sẹ́yìn. Mo ní kó pè é, mo mọ̀wé kọ, n kì í ṣe ọmọdé. Ó pè é ní Faransé. Mo kọ ọ́, mo tún un pè padà fún un pẹ̀lú Faransé ọdún mẹ́rin tí mo kó jọ, ó ní oui, pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀ mí pé kí òun rí ewé àkọ́kọ́. Mo nàka sí ìkìlọ̀ ara ògiri.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ogún pósítà ti wà lára ògiri láti Youpwè títí kọjá afárá dé Bonabéri. Mo fọwọ́ ara mi lẹ márùn-ún níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá ká mi lára, n ò ní purọ́.

Tàláátà lọ, kò sẹ́ni tó pè. Àlàrùbá náà lọ. Àǹtí Kàbírátù ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹja, wọ́n fi tòsì di fóònù mú.

Láàárọ̀ Àlàmísì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Manuella, tó ń ta búrẹ́dì ní Bonabéri, wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn pósítà náà lọ́wọ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi tó wà nísàlẹ̀ ló tọ̀ wá. Ó ní, “Na you print this paper? I don call this number since Tuesday, e no di pass.”

Ó ní láti Tàláátà ni bàbá náà ti jókòó sídìí tábìlì òun, tó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Òun rí pósítà, òun pè títí, kò wọlé. Òun gbé e wọ yàrá òun. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́ lọ́jọ́ kejì, òun àtàwọn aládùúgbò gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá kú ní ìdájí Àlàmísì náà. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni “Kàbírà, Kàbírà.” Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo yọ fóònù mi, mo wá nọ́ńbà tí Àǹtí Kàbírátù fi pè mí lánàá, mo fi wé ti ara pósítà. Faransé kò ní àádọ́rin. Ọgọ́ta ni wọ́n ń lé nǹkan mọ́: ọgọ́ta àti mẹ́rìndínlógún, soixante-seize, ọgọ́ta àti mẹ́tàlá, soixante-treize. Létí àti lẹ́nu èmi tí mo ti Ìṣẹ́yìn wá, ohùn kan náà ni méjèèjì. 76 ni Tèmi pè. 73 ni mo kọ. Ká ní ìpè ọjọ́ Tàláátà wọlé ni, abẹ́rẹ́ ì bá bá bàbá.

Síbẹ̀, ẹnu mi ṣiṣẹ́. Mo sọ fún Manuella pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ohun tí mo sọ fún Àǹtí Kàbírátù náà nìyẹn, wọ́n sì gbà á gbọ́, nítorí ta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì já kulẹ̀ rí? A sin bàbá lọ́jọ́ náà. Bí a ti kúrò ní itẹ́ òkú, mo lọ ń ya àwọn pósítà kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé rí mi, wọ́n ń yìn mí pé èèyàn dáadáa ni mí, n ò fẹ́ kí òjò máa pa àwòrán òkú. Àǹtí Kàbírátù ṣàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí. Mo kà wọ́n nílé pẹ̀lú èyí tí Manuella mú wá, mọ́kàndínlógún ni. Mo ní òjò ló gbé ìkan yòókù lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin bàbá, ìyá àti ọmọ tún wọlé. Ọgbọ̀n àpòòwé ni wọ́n fẹ́, tí wọn yóò fi ìwé ìpè sí fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n fẹ́ àwòrán bàbá níwájú, nọ́ńbà fóònù lẹ́yìn, kí àwọn ẹbí tó wà ní Buea àti Limbe lè rí wọn pè. Àǹtí Kàbírátù ní ọ̀dọ̀ mi nìkan ni àwọn lè gbé iṣẹ́ bàbá wá, torí mo ti ṣe bí ọmọ fún wọn.

Mo na báírò sí Tèmi. Mo ní kó kọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

Ó wò mí díẹ̀ kó tó gbà á. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé kan tó ká mẹ́rin nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òun ló mú pósítà kan tó ṣẹ́kù náà, torí kò sí àwòrán bàbá tó dára tó ìyẹn nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sórí bébà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ dé òpin, ó wo pósítà, ó tún wo ohun tó kọ. Ó fi ìka kan 73. Ó fi ìka kan 76.

Ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé kà bi í bóyá ó ti kọ ọ́ tán. Ó rọra fi báírò sílẹ̀, ó gbé ojú sókè sí mi. Yorùbá tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ní àbùkù kankan.

“Tonton, ẹ sọ fún màmá mi.”

Àǹtí Kàbírátù kọjú sí mi, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kí ló ní kí o sọ fún mi, Wàsíù?”

Mo ní, “Àǹtí, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”