Ọpọlọ Ni Dókítà Wí

Ọdún 1993 ni àwọn adigunjalè fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn wa ní Ìgàndò. Wọ́n kó ohun tí wọ́n rí kó, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwa yòókù ṣépè fún wọn, a sì tún ilẹ̀kùn ṣe. Àbúrò mi, Mùnírátù, nìkan ni ara rẹ̀ kò gbà pé wọ́n ti lọ.

Bí wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bá ti lu irin, àyà Mùnírátù á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, òógùn á bò ó, mímí á di iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ìtọ̀ á bọ́ lára rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀mí àìrí ló ń dà á láàmú. Àwọn ẹlẹ́nu gboro.

Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan ní Ìkòtún.

“O ò ya wèrè,” dókítà sọ fún un. “Ọpọlọ ẹ ló ń ṣọ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn olè yẹn wá, ó ní kí àyà ẹ sáré, kó o lè lágbára láti sá. Kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti lọ ni. Máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa kọ́ ọpọlọ ẹ díẹ̀díẹ̀ pé wọ́n ti lọ.”

Mùnírátù sunkún ayọ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àbí? Ọpọlọ mi ló ń ṣọ́ mi ṣá.” Inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà fún un.

Àlàó ará Akówọnjọ ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà nígbà náà. Ó ku kí wọ́n so yìgì. Ìdílé tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ a máa wádìí bóyá wèrè tàbí wárápá wà níbẹ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àhesọ dé etí ìyá Àlàó, ó wá kí wa.

“Ìyàwó mi, wọ́n ní ara ẹ ò yá. Kí ló ń ṣe ẹ́?”

Mùnírátù kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. “Ẹ má dààmú, Màmá. Dókítà ní ọpọlọ mi ni.”

Dókítà pe ọpọlọ bí ẹni pe ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá ní ọpọlọ ló ń ṣe ẹnì kan, wèrè ni wọ́n rọra ń pè é.

“Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀ o,” mo ní, “ohun tí dókítà ń sọ ni pé…”

Obìnrin náà ti dìde. “A ti gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́hun á wò ó sàn.”

Kò fẹnu kan omi tí a gbé fún un. Kò pẹ́ tí Àlàó fi ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ojo lásánlàsàn.

Bàbá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sí Ìkòtún mọ́. Ẹni tó bá bèèrè, ibà ni ká wí. Mo bá a fà á títí, ó tẹjú mọ́ mi: “Wòsílátù, ṣé o fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì gbó sílé mi ni?”

Láti ìgbà náà, bí Mùnírátù bá ti ń gbọ̀n, oògùn ibà ni ìyá wa ń fún un, èyí tó máa ń yún èèyàn lára. Á gbé e mì, á jókòó sórí ẹní, á máa họ ara títí ara á fi bó. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo ní kó má lò ó mọ́, pé kò níbà.

“Ẹ jẹ́ n lò ó, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, ó sì ń họ apá. “Tí wọ́n bá rí mi báyìí, wọ́n á gbà pé ara mi ni, pé kì í ṣe ọpọlọ.”