Ohùn Àǹtí Nínú Rédíò

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Káfíńtà ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló ń ka ìròyìn lórí rédíò ìjọba, Màmá wa kì í sì í fi rédíò yẹn ṣeré rárá. Bí ohùn Àǹtí bá ti jáde báyìí, Màmá á pa iná sítóòfù, á fa àga sún mọ́ tábìlì, á ní kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Èmi tí mo kan àga, tí mo tún kan tábìlì, kò sẹ́ni tó ń dákẹ́ fún mi.

Ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ Àǹtí tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rọ̀dẹ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi bírò pupa pa ọ̀rọ̀ tó bá le rẹ́, kó kọ èyí tó rọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ọjà bá gbówó lórí, á kọ ọ́ pé owó ọjà ń wá ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ dànù, á ní wọ́n fún wọn láàyè láti sinmi. Àǹtí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún wa nílé, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró nígbà tí ìjọba pinnu láti wó àdúgbò Màmá kí wọ́n lè la títì gba ibẹ̀. Asọ̀rọ̀dẹ̀rọ̀ pa "wíwó" rẹ́, ó kọ "àtúntò". Àǹtí sì kà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó tutù bí omi àmù.

Inú Màmá dùn dé ẹ̀yìn. Ó ra ọ̀dà, ó ní kí n wá kun ògiri iwájú kí àtúntò tó dé.

"Màmá, wọ́n fẹ́ wó ilé yìí ni. Ọjọ́ Ẹtì ni katapílà ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àǹtí ni."

"Má purọ́ mọ́ ọmọ mi o. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Àtúntò ló pè é."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àwọn ará àdúgbò tó ti ń di ẹrù wá bi í bóyá kí àwọn máa lọ, torí wọ́n mọ̀ pé òun ni ìyá olóhùn rédíò. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọ́n sì tú ẹrù wọn. Ìyẹn ló ṣì ń dùn mí jù.

Nígbà tó ku ọ̀la, Àǹtí wá fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde ká lọ. Irọ́ ni mo kà."

Màmá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ. Lọ sùn díẹ̀ ní yàrá."

Àfi bí ìròyìn ọ̀sán ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tí Àǹtí ti kà láàárọ̀ tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Màmá na ìka sókè. "Ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọmọ mi." Àǹtí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá kọjú sí rédíò, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé rédíò náà là mọ́lẹ̀. Àǹtí dì mí lápá mú. Ó dìde, ó nu ojú, ó na ọrùn, ó wúkọ́ díẹ̀. Ohùn rédíò ló fi sọ̀rọ̀.

"Àwọn aláṣẹ ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ rọ àwọn ìyá àdúgbò yìí láti lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn fún ìgbà díẹ̀, kí àtúntò lè lọ ní ìrọ̀rùn. Ilé yín yóò dúró dè yín."

Màmá ti dìde kó tó parí. "Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn! Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó o ti dé?" Orin ló ń kọ bó ṣe ń di ẹrù. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi fọ́tò bàbá wa sílẹ̀ lára ògiri. Ó ní kí lòun fẹ́ kó wọn lọ ṣe, ṣebí òun ń padà bọ̀. Fọ́tò yẹn ni mo rí jí mú, mo fi sábẹ́ ẹ̀wù mi.

Katapílà kò yẹ àdéhùn. Mo dúró lókèèrè, mo rí i bó ṣe gun ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ mi kàn, tó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn aládùúgbò ń sáré káàkiri pẹ̀lú ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì lè wo ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà báyìí, òun àti rédíò rẹ̀. Àǹtí máa ń yà tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ìbéèrè kan náà sì ni Màmá máa ń bi í, pé ìgbà wo lòun ń padà sílé òun. Lánàá, Àǹtí gbìyànjú.

"Màmá, ilé yẹn ti..."

"Rárá." Màmá gbọ́wọ́ sókè. "Fi ohùn rédíò sọ ọ́."

Àǹtí wò mí. Ilẹ̀ ni èmi ń wò. Ó na ọrùn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Láìpẹ́."