Àga Mẹ́rin fún Onídìrí

Lórí ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń fi ẹnu dídùn tajà, àwọn kan ń fi irọ́ tà á. Káfíńtà tí à ń wí yìí kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Àga ló mọ̀. Bó bá ti kan àga tán, yóò gbé e sórí sìmẹ́ńtì ìsọ̀ rẹ̀, yóò fi gbogbo ara jókòó lé e, yóò mi ìdí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, yóò wá ké sí ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Kì í mì!" Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Kì-í-mì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà kò ní orúkọ míì lẹ́nu ọkọ rẹ̀ ju Tíṣà lọ. Tíṣà yìí ló ṣí àkáǹtì fún un lórí ọjà náà. Kì-í-mì á kan àga, Tíṣà á ya fọ́tò rẹ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ á máa fi owó lé owó, ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló ń gbé e. Bí àga bá délé olùrà, olùrà á fún un ní ìràwọ̀ lórí ọjà náà, láti fi sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó. Ìràwọ̀ márùn-ún ni kálukú ń fún un, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àga rẹ̀ kankan kò padà wá rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ọkùnrin yìí kò ní ilẹ̀, kò ní mọ́tò, kò sì bá ẹnikẹ́ni tó lẹ́nu nílùú tan. Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tó ní.

Tíṣà kì í fi ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ ṣeré. Ó máa ń kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí.

"Olówó orí mi, ohunkóhun tó bá ti dùn jù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní ẹ jẹ ẹ̀bùn, irọ́ ni. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan fẹ́ ra àga kan ní iye odindi ilé, irọ́ ni."

"Tíṣà, ta ló fẹ́ fún mi lẹ́bùn? Ìwọ gan-an, ìgbà wo lo fún mi kẹ́yìn?"

"Èmi fúnra mi lẹ̀bùn yín."

"Ẹ̀bùn tó ń pariwo."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ náà dáa, mi ò ní kò dáa. Kò kàn tó ni. Orí burúkú kì í wú tuulu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ba ayé èèyàn jẹ́ kò sì pọn dandan kó dùn.

Èyí tó wá bá Kì-í-mì, kíkorò ló korò. Ọ̀sán ni, Tíṣà wà ní kíláàsì, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Àmì ọjà náà wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Ọ̀gbẹ́ni Olùtajà, àga tí ẹ tà fún mi ti ṣẹ́. Ìyá mi ló jókòó lé e tó fi ṣubú. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀ níbí kí n tó fẹjọ́ yín sùn."

Kì-í-mì tún un kà. Àga òun? Ìyá oníyàá? Kò ronú kan owó, kò ronú kan ẹjọ́. Ibi tó ti ṣẹ́ ló fẹ́ rí: ṣé ẹsẹ̀ ni àbí ẹ̀yìn, ṣé gúlù ni kò mú àbí igi ni kò gbẹ dáadáa. Ó sì fẹ́ rí i kí Tíṣà tó dé, torí ojú ń tì í. Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ojú ewé kan ṣí, ó ní kó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ àkáǹtì rẹ̀. Ó kọ ọ́. Fọ́tò kò jáde. Ó rò pé ìka òun tó nípọn ló ṣì í tẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún un kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fọ́tò kò jáde títí dòní.

Nígbà tí Tíṣà dé, ó wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó káwọ́ lérí.

"Ọjà yẹn ò pè yín ní Ọ̀gbẹ́ni Olùtajà rí, Kì-í-mì ni wọ́n ń pè yín! Àga wo ló ṣẹ́? Wọn ò sọ! Ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá, ṣé ti ọjà lèyí? Kí ló dé tí ẹ ò fi í sílẹ̀, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà tẹ́lẹ̀ wọ àkáǹtì yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ fẹjọ́ yín sùn?"

"Mo fẹ́ rí ibi tó ti ṣẹ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ ọ́!"

"Àkọ́kọ́ ò gbà ni, Tíṣà."

Tíṣà sáré fẹ́ wọ àkáǹtì náà kó lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Àwọn tó jí i ti pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ló wí, ó fẹ́ tu ọkọ rẹ̀ nínú. Àṣé agbè gan-an ló fọ́.

Àwọn olè náà kò wá owó Kì-í-mì rárá. Ìràwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá. Wọ́n kó fọ́tò àwọn àga rẹ̀, wọ́n gbé wọn sí gbàǹjo ní ọ̀pọ̀, èèyàn sì ń rọ́ wá nítorí orúkọ rẹ̀. Àwọn olùrà sanwó sápò àwọn olè, wọ́n ń retí àga, àga kò dé. Èébú ló dé. Àwọn tó ti yìn ín rí náà ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fura sí i. Ọwọ́ epo laráyé ń bá ni lá. Tíṣà kọ̀wé sí àwọn alákòóso ọjà náà títí ó fi sú u, ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn, ó ń dúpẹ́ fún sùúrù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe nǹkan, wọ́n ti àkáǹtì náà pa, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ orúkọ Kì-í-mì pé oníjìbìtì ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Tíṣà ti lọ kí àbúrò rẹ̀, obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn. Onídìrí ni, òórùn ìpara irun wà lára rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti sanwó àga mẹ́rin tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ra àga Kì-í-mì rí, ara páálí tí wọ́n fi di àga ìgbà yẹn ló ti rí àdírẹ́sì.

"Bàbá, ẹ fún mi lówó mi, àbí kí ẹ fún mi ní àga mi."

"Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo gba owó rẹ. Wọ́n jí àkáǹtì mi ni."

"Ohun tí gbogbo oníjìbìtì ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Orí kérétì ni mo ń dirun fún èèyàn, wọ́n ń jókòó lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún ariwo, ẹkún ẹni tó ti rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Kì-í-mì. Ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ẹnì kan péré bá lè jókòó lé àga òun báyìí, bóyá ibẹ̀ ni orúkọ òun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kò sí àga kankan nínú ìsọ̀. Ẹni tó ń ta igi fún un ti gbọ́ ìròyìn, kò bá a ṣòwò mọ́. Ló bá wọ yàrá, ó kó àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yí tábìlì ìjẹun wọn ká, àwọn tó kàn nígbà tó ń fẹ́ Tíṣà sọ́nà, ó dì wọ́n sẹ́yìn mọ́tò tí obìnrin náà gbé wá. Onídìrí dúpẹ́ dúpẹ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. Inú Kì-í-mì dùn fún wákàtí bíi mélòó kan.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ti gbé fọ́tò àwọn àga náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò bú u. Ohun tó kọ ni pé: "Mo bá Kì-í-mì délé. Ó kọ́kọ́ sẹ́, ṣùgbọ́n mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ó sì dá tèmi padà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ bá a. Àdírẹ́sì rẹ̀ rèé." Àwọn èèyàn fèsì lábẹ́ rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kì-í-mì ka ọ̀kan ní àkàtúnkà: "Ẹni tí kò jalè, kí ló ń dá padà?"

Tíṣà dé, ó bá tábìlì láìsí àga. Ó ti ka ọ̀rọ̀ onídìrí nínú ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń retí ariwo rẹ̀. Tíṣà kò pariwo. Níta, mọ́tò kan dúró, òmíràn dúró tẹ̀lé e, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn.

"Olówó orí mi," ó rọra sọ ọ́, kò wo ojú ọkọ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Owó tí wọ́n ń wí yìí, ṣé lóòótọ́ ni kò dé ọwọ́ yín?"

Wọ́n tún gbá ilẹ̀kùn. Kì-í-mì fọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó sì lọ ṣí i fún wọn, torí èébú àwọn ará ìta rọrùn fún un ju kó dá Tíṣà lóhùn lọ.